Oko Ẹgbẹ́ Dára, Ṣùgbọ́n Kò Gbọdọ̀ Di Àwáwí Lórí Owó Oṣù

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín wa tí ó yẹ kí a yanjú kí òjò tó dúró dáadáa. Àwọn kan nínú wa tí ń gbé Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀ ní kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tọrọ àyè lórí àwọn ilẹ̀ tí ó ṣófo ládùúgbò, kí a jọ máa dá oko ẹ̀fọ́ níbẹ̀, kí a sì máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún iṣẹ́ ọwọ́ àti orin ìbílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Àwọn mìíràn fa ojú ro. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni láti bèèrè owó oṣù tí ó tó jẹun, kì í ṣe láti fi ọkọ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí ó ti dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́wàá, tàbí tí ó ti wa ọkọ̀ láti ìdájí, kò yẹ kí a tún ní kí ó lọ kọ ebè.

Òótọ́ wà lọ́dọ̀ ìhà méjèèjì. Èrò tiwa nìyí: kí a dá oko náà, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé oko ẹgbẹ́ kì í ṣe àfidípò owó oṣù. Ẹni tí ó bá ní oko nìkan ló ṣe pàtàkì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó ń bá ṣiṣẹ́ láìmọ̀. Ẹni tí ó bá sì ní owó oṣù nìkan ló ṣe pàtàkì, kò tíì rántí ohun tí ọjà máa ń fi owó oṣù ṣe.

ILẸ̀ TÍ Ó TI Ń BỌ́ NI RÍ

Kí wọ́n tó ṣí òpópónà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ilẹ̀ oko ni ọ̀pọ̀ ibi tí a kọ́lé sí lónìí ní Mowe àti Ibafo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ní ti Ìfọ̀, rélùwéè ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì tún ti Ìfọ̀ fa ẹ̀ka kan lọ sí Ìdógò lẹ́yìn náà. Ẹrù oko wà lára ohun tí ọkọ̀ ojú irin wọ̀nyẹn ń kó. Títí di òní, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá bí a ti í ṣe gaàrí àti láfún.

Ọ̀fadà, ìlú tí ìrẹsì olóòórùn un nì ti gba orúkọ, kò jìnnà sí Mowe. Ẹ wá wo ohun ìyanu: òṣìṣẹ́ tí ń gbé Mowe ń ra ìrẹsì òkèèrè ní kọ́ńgò, ìrẹsì Ọ̀fadà sì ti di oúnjẹ tí àwọn olówó Èkó ń jẹ lóde àríyá, tí wọ́n fi ewé pọ́n. Ohun tí ó hù lẹ́yìnkùlé wa ti di ohun tí a ń fi ojú wò.

Ta ni kò mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀? Owó ilé l'Ékòó ló lé wa wá. Àwọn àgbẹ̀ ta ilẹ̀, àwa ra púlọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, a sì kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. A ń jí ní aago mẹ́rin òru, a ń padà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Láti 2013 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe òpópónà náà, ẹ̀yin awakọ̀ lẹ lè sọ iye wákàtí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gbà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ bí a ti ń kọ́lé tó, ilẹ̀ tí ó ṣófo ṣì pọ̀ láàárín ilé méjì. Ẹni tí ó ni ín wà l'Ékòó tàbí lókè òkun. Igbó ti kún un, ejò ń gbé ibẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti sọ ọ́ di ààtàn. Àwọn kan nínú wa ti ń gbin ilá àti ẹ̀fọ́ sí irú ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, olúkúlùkù ní tirẹ̀, láìsí ìwé, láìsí ìdánilójú. Nítorí náà, ohun tí a ń sọ kì í ṣe ohun àjèjì. A kàn fẹ́ kí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ di ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe ní gbangba ni.

Ẹ JẸ́ KÍ A RÁNTÍ UDÓJÌ

Ẹ̀yin àgbà inú wa kò lè gbàgbé owó Udójì. Ní ìparí 1974, ìjọba gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Udójì wọlé, wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì san èyí tí ó ti ṣẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni náà yanṣẹ́ lódì kí wọ́n lè rí tiwọn gbà. Ìlú dùn, rédíò àti aṣọ tuntun kún ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀, onílé ti fi kún owó ilé, ọjà sì ti gbówó lórí. Ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọjà fi ọwọ́ òsì gbà á padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí láti ìgbà náà. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti 1981 jẹ́ naira 125. Ó di 18,000 ní 2011, ó di 30,000 ní 2019, ó sì di 70,000 ní oṣù keje 2024. Ẹni tí ó bá wo iye náà nìkan yóò rò pé a ti là. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, iye owó epo bẹ́tiróòlù fò ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà 2024, àjọ ìjọba tí ń ṣe ìṣirò sọ pé oúnjẹ ti fi ohun tí ó ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n buwọ́ lu 70,000 náà. A kò tíì gbà á tí ọjà ti bu ún jẹ.

Kì í ṣe pé kí a má bèèrè àfikún ni ìtàn yìí ń sọ. Bí a kò bá bèèrè, ebi yóò pa wá tètè. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó ń ra gbogbo ẹ̀fọ́, gbogbo ata àti gbogbo gaàrí rẹ̀ lọ́wọ́ ọjà, ọwọ́ ọjà ni owó oṣù rẹ̀ wà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

ÌBẸ̀RÙ ÀWỌN TÍ KÒ FARA MỌ́ ỌN

Àwọn tí ń takò oko ẹgbẹ́ ní ìdí wọn, ó sì yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1976 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko nígbà ìsinmi. Orin ètò náà kún rédíò, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ṣì ń já ìrẹsì òkèèrè ní Àpápá. Ìjọba náà kan náà ni ó ṣe òfin ilẹ̀ ní 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Nígbà tí àwọn ológun lọ ní 1979, orúkọ ètò náà bá wọn lọ. Ìjọba Alhaji Shehu Shagari wá gbé tirẹ̀ dé ní 1980, ó pè é ní Green Revolution. Òun náà kò pẹ́.

Kí ni àbùkù rẹ̀? Lójú tiwa, òkè ni ó ti wá. Wọ́n pàṣẹ fún wa pé kí a gbìn, wọn kò bi wá léèrè ilẹ̀ tí a óò gbìn ín sí àti àkókò tí a óò fi gbìn ín. Wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ náà dá wa lẹ́bi: bí ebi bá ń pa ọ́, ọ̀lẹ ni ọ́, kí ló dé tí o kò gbin nǹkan? A ṣì ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀gá. Bí òṣìṣẹ́ bá ní gaàrí ti wọ́n, wọn a ní kí ó lọ gbin ẹ̀gẹ́, bí ẹni pé wákàtí mẹ́wàá tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àkókò.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ebè ẹ̀fọ́ kò lè san owó ilé-ìwé. Kò lè san owó ilé, kò lè ra oògùn ibà, kò lè ra táyà ọkọ̀. Ọ̀gá tí ó bá dé ibi ìjíròrò owó oṣù tí ó mẹ́nu ba oko wa, kí àwọn aṣojú wa dá a lóhùn pé oko ẹgbẹ́ kò sí nínú ìwé ìjíròrò yìí.

OHUN TÍ Ó GBÉ ÌYANṢẸ́LÓDÌ 1945 DÚRÓ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn bàbá wa. Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ti iṣẹ́ òde ìjọba kó iṣẹ́ sílẹ̀. Ogun Hítílà ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn aláwọ̀ funfun kò sì fẹ́ fi kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba ti fi sí àhámọ́ tẹ́lẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Èkó ní oṣù náà gan-an. Ìyanṣẹ́lódì náà kọjá oṣù kan. Owó oṣù kò wọlé. Kí ni àwọn ènìyàn ń jẹ?

Oúnjẹ àwọn ìyàwó wọn ni. Àwọn obìnrin tí ń tajà ni ó ń bọ́ ilé, àwọn ni ó ń fún àwọn oníbàárà ní àwìn, àwọn ni kò jẹ́ kí ebi fa ọkọ wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba mọ agbára oúnjẹ nígbà náà. Nínú àwọn ọdún ogun yẹn, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ l'Ékòó lábẹ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen láti máa dá iye owó gaàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn lé ọjà lórí, àwọn obìnrin ọjà sì bá a jà kíkankíkan. L'Ábẹ́òkúta, ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ fa Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wọ inú ìjà àwọn mẹ̀kúnnù.

Ẹ ronú sí i. Ohun tí ó ń fọ́ ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan. Ìkòkò tí ó ṣófo ni. Ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ lè rí ẹ̀fọ́ já, tí ó ní ẹ̀gẹ́ nílẹ̀, tí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ebi àti ìbẹ̀rù, yóò jókòó pẹ́ nídìí ìjíròrò ju èyí tí kò ní nǹkan kan lọ. Nítorí náà, àwọn tí ó ní oko yóò mú wa rọ̀, ẹ yí i wò lódìkejì. Oko tí ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yóò mú wa le ni.

BÍ Ó TI YẸ KÍ A ṢE É

Ìlú mìíràn ti ṣe é kí ó tó kàn wá. Ní Bìrìtìkó, òfin 1908 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti wá abala ilẹ̀ kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀ láti fi dáko, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè wọn náà sì máa ń yá òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ ẹ̀bá ojú irin. Ní Kúbà, nígbà tí Ṣófíẹ́tì túká ní 1991, tí epo àti ajílẹ̀ òkèèrè wọ́n wọn, àwọn ará ìlú Havana gbin ẹ̀fọ́ sí orí ilẹ̀ tí ó ṣófo láàárín ìlú, ìjọba sì fún wọn láṣẹ láti lò ó. Nítòsí wa níbí, ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àlùfáà Godfrey Nzamujo, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá Songhai sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, ìdọ̀tí ibì kan sì ń di oúnjẹ ibòmíràn. Wọn kì í da ohunkóhun nù lásán.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a óò fi ṣe tiwa, àwọn baba wa ti fi í sílẹ̀. Àárò ni: lónìí kí gbogbo wa ṣe ti ẹnì kan, lọ́la kí a ṣe ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ náà wà, nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru lè fi àárọ̀ ṣe tirẹ̀. Awakọ̀ tí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ lè bomi rin ín lọ́jọ́ náà. Ènìyàn mẹ́wàá tí àkókò wọn kò dọ́gba lè tọ́jú oko kan tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi òye ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin ní 2016 lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀, a kò sì fẹ́ kí a ka ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ́ wọn. Kí a wá ẹni tí ó ni ilẹ̀, kí a kọ ìwé, kí ẹlẹ́rìí buwọ́ lù ú, kí a sọ iye ọdún àti iye oṣù tí yóò fi kìlọ̀ fún wa bí ó bá fẹ́ kọ́lé. Àṣà ìṣákọ́lẹ̀ kò tíì kú. Agbọ̀n ẹ̀fọ́ kan tàbí àpò gaàrí díẹ̀ lọ́dún yóò jẹ́ kí ọkàn onílẹ̀ balẹ̀ pé a kò gbàgbé ẹni tí ó ni ín. Nítorí ìdí kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin ọ̀pẹ, obì tàbí ọsàn sí ilẹ̀ tí a yá. Gbogbo àgbà mọ̀ pé ẹni tí ó gbin igi olọ́jọ́ pípẹ́ sórí ilẹ̀ ń wí pé òun ló ni ín.

Lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ lè gbà nígbàkúùgbà, ẹ̀fọ́ ni kí a gbìn. Tẹ̀tẹ̀ a tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, ilá láàárín nǹkan bí oṣù 2. Ẹ̀gẹ́ ni ó ń pẹ́, oṣù 9 sí 12, nítorí náà ibi tí ìwé wa bá tó ọdún méjì ni kí a gbìn ín sí. Kí a má ṣe mú igi ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ti kákò. Ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn láti 1967 ti mú irú tí àrùn náà kì í tètè bà jẹ́ jáde, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà l'Ábẹ́òkúta láti 1988. Kí akọ̀wé ẹ̀ka wa kọ̀wé sí wọn. Ẹni tí kò ní ju iwájú ilé lọ lè fi àpò ìrẹsì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́ gbin ata, kí ó sì fi ọ̀rá omi tí ó ń dí gọ́tà wa gbé èèhù kí ó tó lọ́ ọ. Èèpo iṣu, èérún ẹ̀fọ́, eérú àti ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jinná ni ajílẹ̀ wa.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́: ẹ má ṣe gbin ohun jíjẹ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì, tàbí ibi tí omi ẹ̀rọ àti ọ́ìlì ìdọ̀tí ń ṣàn sí. Ẹ̀bá títì tí èéfín ọkọ̀ ti ń bà lé ewé kò dára fún ẹ̀fọ́. A kò lè máa sá fún ebi kí a wá fi májèlé bọ́ ọmọ.

ÌLÙ NI YÓÒ PE ÈNÌYÀN JỌ

Àwọn kan gba ti oko, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a yọ ti orin àti iṣẹ́ ọwọ́ kúrò, pé eré ọmọdé ni. A kò gbà. Àlejò ni ọ̀pọ̀ wa ládùúgbò wọ̀nyí. Ní òpópónà kan ṣoṣo ní Ibafo, ẹ óò rí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìgbómìnà, Ègùn, Ìgbò, Tápà àti Hausa, olúkúlùkù pẹ̀lú géètì rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a kò mọ̀ ni ó ń já ẹ̀fọ́ wa lóru. Ẹni tí a ti jọ jókòó, tí a ti jọ jó, tí a ti jọ jẹun, yóò bá wa ṣọ́ ọ.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí dáadáa. Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà ní ìpínlẹ̀ wa yìí, tí wọ́n bí ní 1916, fi ìyanṣẹ́lódì 1945 ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Ẹ gbọ́ orúkọ náà: ìyanṣẹ́lódì àti ebi, ó so wọ́n pọ̀. Ìjọba rí i pé eré lásán kọ́. Wọ́n dá a lẹ́kun ní Jọ́ọ̀sì ní 1946, wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é títí di 1966. L'Ábẹ́òkúta, nígbà tí àwọn obìnrin ń bá owó orí jà ní 1947 sí 1949, orin ni wọ́n fi ń jókòó ti ààfin. Aláké Adémọ́lá kejì sì fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ẹni tí ó bá ní orin kò níṣẹ́ lẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ kò tíì ka ìtàn.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa sì ti inú oko jáde. Ẹ wo àdìrẹ Ẹ̀gbá. Ewé èlú ni aró rẹ̀ ti wá, eérú ni a fi ń se é, ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rò ni a fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Láìsí oko, kò sí aró, kò sí ẹ̀kọ, kò sí àdìrẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń tà ní orúkọ àdìrẹ, ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ló tẹ̀ ẹ́. Bí a bá gbin ebè èlú díẹ̀ sí etí oko wa, tí a sì bẹ àwọn ìyá tí wọ́n ṣì mọ iṣẹ́ náà kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ kan lóṣù, a kò ní náwó púpọ̀. Kí àwọn Ègùn àti Tápà àárín wa náà mú tiwọn wá. Ọmọ tí ó mọ bí aṣọ ṣe ń gba aró yóò mọ iye tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò di òṣìṣẹ́ tí kò ní gba ìyà.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ÌPÀDÉ GBÀ WỌLÉ

A ń fi ohun márùn-ún síwájú ẹ̀ka.

Èkíní, kí oko ẹgbẹ́ má ṣe wọ inú ìjíròrò owó oṣù láéláé, kí aṣojú kankan má sì gbà kí ọ̀gá fi í ṣírò ohun tí ó jẹ wá.

Èkejì, kí ó jẹ́ ìfẹ́ inú. Ẹni tí ó rẹ̀, kí ó sinmi; kí a má ṣe fi owó ìtanràn dá a lóró. A kò sá fún ọ̀gá kan kí a tún wá yan ọ̀gá mìíràn sórí ara wa.

Ẹ̀kẹta, kí orúkọ àwọn obìnrin wà nínú ìwé oko ní tiwọn, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ ọkọ, kí akápò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó gbé 1945 dúró kò yẹ kí ó máa jókòó lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, kí a pín ìkórè sí mẹ́ta: ìdá kan fún àwọn tí ó ṣiṣẹ́, ìdá kan fún títà kí a lè ra irúgbìn àti ọkọ́, ìdá kan fún ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, tí ó farapa, tàbí tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Kí a so ó mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, kí a máa ka ìwé ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn ní ìpàdé oṣooṣù.

Ẹ̀karùn-ún, kí a fi oko mẹ́ta péré bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní Mowe, ọ̀kan ní Ibafo, ọ̀kan ní Ìfọ̀, fún òjò kan. Bí ó bá kùnà, kí a mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá yọrí, kí a fi kún un.

Ẹ̀yin ará, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A kò sọ pé ẹ̀fọ́ yóò tú òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí yóò tú òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ni owó oṣù tí ó tó, ibùgbé tí ó dára, àti ẹgbẹ́ tí kò ṣeé fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jà fún nǹkan wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ jẹun kí ó tó jáde nílé, ó sì yẹ kí ó mọ orúkọ ẹni tí ó dúró tì í. Ìpàdé ẹ̀ka ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Ẹ wá, ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ọn àti ẹ̀yin tí ẹ kò fara mọ́ ọn, ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹ mú ìyàwó yín dání, ẹ̀yin ìyàwó náà, ẹ mú ọkọ yín wá.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́ o.